Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀fẹ̀ Kọ Ọ́ Lórin: Lẹ́tà sí Ìyálàṣẹ àti Àwọn Àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu

Ẹ̀yin ìyá wa, Ìyálàṣẹ, olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń tọ́jú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìtọ́jú ìlú, ẹ kú wàhálà gbogbo wa.

Mo mọ̀ pé ilé ni ọmọ ti ń lọ bá àgbà bó bá ní ọ̀rọ̀, kì í dúró sí gbangba kó máa pariwo. Màá wá sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú dání kan àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Àjàṣẹ́, ní Kùtọnu, ní Ìmẹ̀kọ, àti àwọn tó wà lókè òkun tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde. Mo fẹ́ kí àwọn náà kà á, kí wọ́n lè bá mi bẹ̀ yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bá tún máa jáde, ẹ jẹ́ kó kọrin nípa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Kó kọ ọ́ lóru, lójú ọjà, níbi tí ọkọ, ìyàwó, ìyá ọkọ àti àna gbogbo bá jókòó sí.

Agbẹ̀bí ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo lè kọ̀wé sí mínísítà. Àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ ti ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Ìjọba ló ni ilé ìwòsàn, ìjọba ló ni irinṣẹ́, èyí tó sì ṣẹ́ kù níbẹ̀ ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọjọ́ tí irinṣẹ́ wà, tí agbẹ̀bí jókòó, tí àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀fẹ́, tí obìnrin kò wá. Ohun tó dá wọn dúró wà nínú yàrá, ó wà lẹ́nu ìyá ọkọ, ó wà nínú àpò ọkọ. Mínísítà ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ń wọ ibẹ̀ látọjọ́ tí a ti dáyé, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jà bó bá jáde.

Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn, èmi kàn ń rán ara mi létí ni. Wọ́n ní Yemọja wá ọmọ títí, kò rí. Ifá ní kó rúbọ, kó gbé ère igi lérí, kó wọ irin sẹ́sẹ̀, kó jó. Ó jó, ó bí Ẹ̀fẹ̀, ó tún bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo mọ̀ pé ìtàn mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ará Kétu fẹ́ràn ju èyí lọ, ti àwọn ìbejì tó ń du oyè. N kò wá jiyàn ìyẹn. Ti Yemọja ni mo dì mú torí pé ọ̀rọ̀ ilé ọmọ ló bí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ọ̀dá bá dá, tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa jáde. Àwọn UNESCO tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2001 mọ ìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àrùn tí mò ń sọ yìí kì í jà bí àjàkálẹ̀. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a kà á pọ̀. Lọ́dún 2022, nǹkan bí 660,000 obìnrin ló ní in ní gbogbo ayé, nǹkan bí 350,000 ló sì kú. Nínú 100 tó kú, 94 ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó nǹkan, irú tiwa yìí. Àrùn kan náà ni o, ibi tí obìnrin ń gbé ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rìn. Ilé ọmọ ní ẹnu. Ibẹ̀ ni nǹkan oṣù ń gbà jáde, ibẹ̀ ló ń ṣí bí ọmọ bá ń bọ̀. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV máa ń débẹ̀ nígbà tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ sùn. Kòkòrò náà pọ̀ láàárín ènìyàn débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹni tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ni yóò ní in nígbà kan. Ara fúnra rẹ̀ ló sì ń lé ọ̀pọ̀ jù lọ jáde kí ọdún méjì tó pé, láìsí oògùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lára àwọn kan ni kì í ti í lọ. Á jókòó síbẹ̀, á máa ba ẹran ara ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló tọpa rẹ̀ dé inú jẹjẹrẹ náà ní 1983 àti 1984, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008.

Láti ìgbà tí kòkòrò bá ti jókòó di ìgbà tí yóò di jẹjẹrẹ, ó sábà ń gba ọdún 15 sí 20. Lára obìnrin tó ní HIV tí kò lo oògùn rẹ̀, ó lè jẹ́ ọdún 5 sí 10. Ẹ wo bí àyè yẹn ṣe pọ̀ tó! Ọmọ tí obìnrin bí lọ́dún tí kòkòrò wọlé á ti máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí àrùn tó di àrùn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò ní dun ún, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, á máa ru ẹrù, á máa lọ oko, á máa ná ọjà. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá lẹ́yìn tí ọkọ bá sún mọ́ ọn, tàbí tí omi tó ń rùn bá ń dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ padà wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ọ̀rọ̀ ti ń di iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú onítànṣán. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ oko, ó máa ń jẹ ilẹ̀, ó sì lè jẹ owó iléèwé àwọn ọmọ.

Àyẹ̀wò ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, torí òun làwọn obìnrin ń bẹ̀rù. Ọtí kíkan la fi ń ṣe é. Fínígà tí àwọn tó ń ta sàláàdì ń wọ́n sórí ewébẹ̀, irú rẹ̀ náà ni, àfi pé tiwa ní òṣùwọ̀n: ìdá 3 sí 5 nínú 100. Obìnrin á dùbúlẹ̀ bí ìgbà tó fẹ́ bímọ. Agbẹ̀bí á fi irin tó mọ́ la ojú ara títí yóò fi rí ẹnu ilé ọmọ, á wá fi òwú tó ti rẹ sínú ọtí kíkan náà pa ibẹ̀. Á dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹran ara tó dá kò ní yí àwọ̀ padà. Èyí tó ti ń bàjẹ́ á funfun bí ẹfun. Ojú la fi ń rí i, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Obìnrin gan-an á gbọ́ èsì rẹ̀ kó tó ró ìró rẹ̀ mọ́dìí.

Àwọn ìlú olówó gba ọ̀nà mìíràn. Dókítà Papanicolaou ló kọ́ wọn: wọ́n á ha díẹ̀ lára ẹnu ilé ọmọ, wọ́n á gbé e lọ síbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo ohun tí ojú kò lè rí. Ọ̀nà tó dára ni, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú obìnrin kan láti Adakplamè. Ó fi igbá ọjà sílẹ̀, ó san owó zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, ó bọ́ra sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n wá ní kó padà wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò ní padà wá. Èmi náà, bó bá jẹ́ èmi ni, bóyá n kò ní padà wá.

Pẹ̀lú ọtí kíkan, bí ibi tó funfun náà bá kéré tí kò sì jọ jẹjẹrẹ, a lè tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irin kan wà tó ń gbóná dé 100°C. A ó fi kan ibẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí kó lé díẹ̀. Bátìrì ló ń lò, kò sí ohun tó kàn án bí iná bá lọ. Inú lè fún obìnrin náà díẹ̀, bíi ti nǹkan oṣù, omi á máa dà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí ní 2019. Bí ohun tí a rí bá ti ju agbára wa lọ, ìgbà yẹn la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé fún un pé kó lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìtọ́jú tálákà o. Ní Mumbai, ní Íńdíà, Dókítà Surendra Shastri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá nǹkan bí 150,000 obìnrin ní àdúgbò àwọn aláìní. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Wọ́n mú àwọn obìnrin tí kì í ṣe dókítà, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ọtí kíkan wò ó, wọ́n sì ń yẹ apá kan wò ní ọdún méjì méjì. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2013, ikú tó ti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí wá ti fi ìdá 31 nínú 100 dín ní apá tí wọ́n yẹ̀ wò. Fínígà àti ojú tó mọ nǹkan tó ń wò!

Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan wà tó tún dára ju ọtí kíkan lọ. Láti 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí a máa wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀ níbi tí agbára bá ká a, torí ojú agbẹ̀bí lè tan án jẹ, á rí funfun níbi tí kò sí nǹkan kan, tàbí kó fò ó dá. Adùn ibẹ̀ ni pé obìnrin lè wọ balùwẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi òwú orí igi gba ohun tí wọ́n fẹ́ wò, kó gbé e fún nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò ní rí ìhòòhò rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyẹn bá kárí gbogbo abúlé wa, inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti pé ẹni ogójì lónìí kò lè dúró de ọjọ́ yẹn.

Àwọn tí mò ń wá gan-an ni àwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 49. Àwọn tó ní HIV ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 25, torí ìlọ́po mẹ́fà ni ewu tiwọn. Ní ti àyẹ̀wò, ètò tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ní 2020 kò béèrè ju pé kí obìnrin 70 nínú 100 ti ṣe àyẹ̀wò tó péye kí wọ́n tó pé 35, kí wọ́n sì tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Tí a bá fi ọtí kíkan ṣe é, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló yẹ ká máa tún un wò. Ẹ̀yin ìyá tí nǹkan oṣù yín ti dúró, ọtí kíkan kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún yín, torí ibi tí àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀ máa ń sá wọnú bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Ti HPV ló tọ́ sí yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún yọ lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, kí onítọ̀hún má dúró de orin, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Wàyí o, ibi tí mo ti ń bẹ̀rù rèé. Mo mọ Ẹ̀fẹ̀. Mo ti jókòó lójú ọjà di ìdájí, mo ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tó ń na àwọn aláṣejù lẹ́gba orin. Bó bá gbọ́ pé ibùsùn ni kòkòrò yìí ti ń wá, yóò yá a lára láti sọ ọ́ di orin panṣágà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání níbẹ̀. Obìnrin tí kò mọ̀ ju ọkùnrin kan lọ láyé rẹ̀ lè ní in. Ọkùnrin lè gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀, torí kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. A kì í sì í mọ ìgbà tó wọlé, ó lè jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn. Orin kan tó bá fi obìnrin wọ̀nyí ṣẹ̀sín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn: ẹni tó bá yọjú sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì á dà bí ẹni tó jẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò yọjú.

Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Obìnrin kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà, sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ wá ṣe àyẹ̀wò. Ọkọ ní, “Kí ló ń ṣe ọ́ níbẹ̀ tí o fi mọ̀ pé wọ́n máa rí nǹkan?” Ìyá ọkọ ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé àwọn. Owó ọkọ̀ kò jáde. Bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Bí màlúù rẹ̀ bá ń tiro, ilẹ̀ kò ní ṣú kó tó wá ẹni tó máa wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí kò tíì dun ènìyàn ni wọ́n ń lọ wò ó. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fẹ́ kó sọ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rín, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀kan fún àwọn ọkùnrin, èyí sì ni mo rò pé orin rẹ̀ máa dùn jù. Bí a bá fi irin gbígbóná tọ́jú obìnrin, a ó ní kí ọkọ má sún mọ́ ọn fún nǹkan bí oṣù kan, kí ojú ibẹ̀ lè jinná. Obìnrin ló ń gbé iṣẹ́ yẹn délé, obìnrin náà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn kan ti bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sí ìwé kí n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ọkọ wọn lè gbà. Èwo ló yá jù nínú òǹtẹ̀ mi àti ohùn Ẹ̀fẹ̀ lóru?

Ọ̀rọ̀ kejì, Ìyálàṣẹ, ìwọ̀n ẹnu mi kò tó o, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin tí kò dá, ilé á ní ọwọ́ àwọn ìyá, àwọn ẹlẹ́yẹ, ni. Wọ́n á máa gbé e káàkiri, wọ́n á máa fi àgbo wẹ̀ ẹ́ nínú, oṣù á máa gorí oṣù. Àgbo tí a ń tì bọ ojú ara kì í wo kòkòrò yìí, ó tún lè dá egbò sílẹ̀ níbẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó gbà gbọ́ sílẹ̀. Bí èmi bá sọ pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn ìyá, wọ́n á ní ìwé ló kó sí mi lórí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń tù wọ́n lójú lẹ sọ pé kí obìnrin lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ná, ta ló máa bá yín jiyàn?

Ti abẹ́rẹ́ àwọn ọmọbìnrin, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà tó ń dènà kòkòrò náà. Láàárín ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè tó. Rùwáńdà ti bẹ̀rẹ̀ láti 2011. Àwọn ìbátan wa lódìkejì ibodè náà ti bẹ̀rẹ̀: Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ìmẹ̀kọ wà nínú rẹ̀, wà lára àwọn tí Nàìjíríà kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023. Ahọ́n kan ń sọ pé ó máa ń ti ilé ọmọ pa. Irọ́ ni. Bí orin bá ní àyè, kó fọwọ́ kan ìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í lé kòkòrò tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, torí náà ti àwọn ìyá ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yìí.

Apá tiwa nínú iṣẹ́ náà rèé. Èmi àti àwọn agbẹ̀bí díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ti jọ sọ ọ́. Bí ẹ bá gbà, a ó lọ bá àwọn aláṣẹ ìlera tó ń bójú tó Pọ̀bẹ̀, Àjà Wẹ̀rẹ̀ àti Kétu, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ní ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé orin náà, kí àyẹ̀wò wà nítòsí ọjà, nínú yàrá tó ní ìlẹ̀kùn àti aṣọ títa, pẹ̀lú obìnrin nìkan. Irin ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí, mo máa bẹ̀ yín pé kí ẹ sún orin náà síwájú, torí orin tó pe obìnrin wá síbi tí kò ti sí ìtọ́jú á ba orúkọ Ẹ̀fẹ̀ jẹ́, á sì ba tiwa náà jẹ́.

N kò kọ orin sílẹ̀ fún yín. N kì í ṣe akọrin, ẹ sì ní àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwe di ọ̀rọ̀ tó le kó tó dé etí. Ohun tí mo máa kó dání wá ni irin àyẹ̀wò, igò ọtí kíkan kan, àti àwòrán ẹnu ilé ọmọ, kí ẹ̀yin ìyá fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹ bi mí ní ìbéèrè tó bá wù yín, kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ẹ yan ọjọ́ tí ọjà kò ná. Kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú bóyá ẹ̀yin ìyá nìkan ni màá kọ́kọ́ bá jókòó, tàbí kí ẹni tó ń gbé Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Agbẹ̀bí kan, ọmọ Kétu